Ṣé owó ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ń mú kọ́sítọ́mà wá fún éjẹ́ǹtì ilé lóòótọ́? Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò kí owó yín má bàa wọgbó

Ẹ̀yin éjẹ́ǹtì ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ilé tẹ́ ẹ ń ta ilẹ̀, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu wa. Ẹnìkan á ní òun kówó sí Facebook, ogójì nọ́ńbà ló wọlé, kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan nínú wọn, ẹlòmíì á ní Google lòun fi ń jẹun báyìí. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Èsì tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mú líìdì wá, ìyẹn orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ní òun ń wá ilé, ó sì ń mú un wá dáadáa, àmọ́ líìdì ò tíì di kọ́sítọ́mà o, ohun tó sì máa sọ ọ́ di kọ́sítọ́mà ò sí lọ́wọ́ Facebook tàbí Google, ọwọ́ tiwa ló wà. Àárín ìgbà tí fọ́ọ̀mù wọlé sí ìgbà tá a gbé fóònù pe onítọ̀hún lowó wa ti máa ń sọnù jù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sanwó ìpolówó, obìnrin kan kún fọ́ọ̀mù mi ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 14 lálẹ́. Ó kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ kedere: yàrá mẹ́ta lòun ń wá, òun fẹ́ kó kúrò níbi tóun wà kí oṣù méjì tó pé, báńkì sì ti fọwọ́ sí owó tóun fẹ́ yá. Mo rí i lórí fóònù mi lójú ẹsẹ̀, mo bá ní ilẹ̀ ti ṣú, kí n má lọ dí i lọ́wọ́, tó bá di ọ̀la màá pè é. Ilẹ̀ mọ́, mo ní èèyàn méjì tí mo fẹ́ mú lọ wolé, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni mo tó ráyè pè é. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló dá mi lóhùn, ó ní "Ẹ ṣeun sà, ẹlòmíì ti mú mi lọ wo ilé kan láàárọ̀ yìí, ó sì ti wù mí." Mi ò gbàgbé ohùn yẹn títí dòní. Ìpolówó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ní tiẹ̀, èmi ni mi ò ṣe tèmi.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ tò ó fún yín bó ṣe yẹ kó lọ, látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣírò ẹ̀

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ iye tó ń kàn yín tẹ́ ẹ bá ta ilé kan, lẹ́yìn tí ọ́fíìsì àti àwọn tẹ́ ẹ jọ pín in bá ti mú tiwọn. Kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ látẹ̀yìn. Ká ní líìdì 100 ló wọlé, ká ní 60 péré ló gbé fóònù, 15 nínú wọn ló ń wá ilé lóòótọ́, mẹ́fà ló jáde wá wo ilé, ẹnìkan ló wá ra. (Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o, iye tiyín lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má tó o.) Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gbogbo owó tẹ́ ẹ ná lórí líìdì 100 yẹn, orí ẹnìkan tó rà yẹn ló já lé. Tí owó yẹn bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin kọmíṣọ̀n yín lọ, lójú tèmi, ó ti wọ́n jù, torí epo ọkọ̀ àti àsìkò yín ò tíì sí nínú ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí ni pé àwọn tó ń ta ìpolówó fún wa, iye tí líìdì kan jẹ́ ni wọ́n máa ń sọ fún wa ṣáá, bí ẹni pé líìdì là ń jẹ. Líìdì tó pọ̀ bí omi tí ò sì sẹ́ni tó gbé fóònù nínú ẹ̀, ó wọ́n ju líìdì mẹ́wàá tí mẹ́ta nínú wọn wá wolé lọ. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀: èèyàn kì í ra ilé bó ṣe ń ra bàtà. Ẹni tó kún fọ́ọ̀mù yín lónìí lè lo oṣù mẹ́fà kó tó fọwọ́ síwèé, torí náà tẹ́ ẹ bá ti ń wojú ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ sọ pé ìpolówó ò ṣiṣẹ́, ẹ ò tíì dúró tó. Owó tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè ná fún oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé owó oúnjẹ ilé ló wà níbẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ò tíì ní ilé kankan lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ tà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ẹ má tíì sanwó. Kí lẹ fẹ́ fi han ẹni tó bá pè? Ẹ lọ wá ilé kọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì pe gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ àtàwọn tẹ́ ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí, ìyẹn ò ná yín ju owó ìpè lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ ná

Google àti Facebook kì í ṣe ọjà kan náà. Lórí Google, ẹni náà ló ń wá nǹkan, òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ "ilé oníyàrá mẹ́ta fún títà" síbẹ̀. Lórí Facebook àti Instagram, ẹni yẹn ń wo fọ́tò ọmọ àbúrò ẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ yọjú sí i lójijì. Ẹni tó ń wá nǹkan ti sún mọ́ àtirà ju ẹni tí nǹkan yọjú sí lọ, ìdí nìyẹn tí ìpolówó Google fi máa ń wọ́n ju ti Facebook lọ lọ́pọ̀ ìgbà, tí èèyàn inú ẹ̀ ò sì ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2000 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, AdWords ló ń jẹ́ nígbà yẹn kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ sí Google Ads lọ́dún 2018, ìlànà ẹ̀ báyìí sì ni pé ẹni tó bá tẹ ìpolówó yín lẹ máa sanwó lé lórí, yálà ó rà àbí kò rà.

Ti Facebook, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀ torí ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn pọ̀ sí. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ní fọ́ọ̀mù tiwọn tó máa ń ṣí sínú Facebook gan-an, ẹni tó bá tẹ ìpolówó yín, orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ á ti wà nínú fọ́ọ̀mù náà kó tó dé ibẹ̀, torí Facebook ti mú un látinú áàkáǹtì ẹ̀. Ìka méjì ló máa fi tẹ nǹkan, ó ti parí. Ẹ wá rí i pé ó rọrùn jù! Ẹlòmíì ò mọ̀ pé òun ti fi nǹkan ránṣẹ́, ẹlòmíì, nọ́ńbà tó fi sí áàkáǹtì ẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló wà níbẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì pè é á ní "Èmi kẹ̀? Mi ò béèrè ilé kankan o." Kì í ṣe pé ó purọ́ fún yín.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe fọ́ọ̀mù náà, wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ èyí tó máa mú èèyàn púpọ̀ wá àbí èyí tó máa mú ẹni tó dájú wá. Ẹ mú ìkejì, "Higher intent" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyẹn á fi ojú ewé kan kún un níbi tí ẹni náà á ti tún yẹ ohun tó kọ wò kó tó fi ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ tún wá fi ìbéèrè kan síbẹ̀ tó máa fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ èsì ẹ̀, irú bíi "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kó wọlé?" Ẹni tí ò lè kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta síbẹ̀ ò ní lè wá wo ilé. Nọ́ńbà tó ń wọlé máa dín kù, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Àwọn wẹ́bùsáìtì tó ń to ilé fún títà náà wà, bíi Zillow ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, tí éjẹ́ǹtì máa ń sanwó fún kí wọ́n lè darí àwọn tó ń wo ilé ládùúgbò kan sọ́dọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ dáa torí àwọn èèyàn ti péjọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ sanwó, àwọn yòókù náà wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Irú ilé kan, àdúgbò kan, ìpolówó kan

Ẹ má ṣe ìpolówó tó ní "a ń ta ilé, a ń ta ilẹ̀, a tún ń bá èèyàn rẹ́ǹtì." Kò sẹ́ni tíyẹn ń bá wí. Ẹ wò ó bí mo ṣe máa ń kọ tèmi:

"Ilé oníyàrá mẹ́ta, ilé ìwẹ̀ méjì, àyè ọkọ̀ méjì. Ìwé ẹ̀ pé. Ẹ tẹ ibí kẹ́ ẹ rí fọ́tò 12, iye tá a fẹ́ tà á, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ lè wá wò ó."

Ẹ fi iye ẹ̀ hàn wọ́n, tó bá ṣeé ṣe kó wà nínú ìpolówó gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi pamọ́ kí èèyàn lè pè, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sanwó lórí gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tí agbára ẹ̀ ò ká a, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́? Kí iye lé e padà kó tó jẹ owó yín. Fọ́tò náà, ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ yà á, kẹ́ ẹ ká kọ́tìnnì sókè, kẹ́ ẹ kó aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn kúrò. Ibi tí wọ́n bá tẹ̀ lọ, ilé tí wọ́n rí nínú ìpolówó gan-an ni kó bá wọn níbẹ̀, kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ wẹ́bùsáìtì yín tí wọ́n á tún máa wá ilé kiri nínú ẹ̀.

Fún àwọn tó ń lo Google, iṣẹ́ kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń to ohun táwọn èèyàn tẹ̀ kó tó di pé ìpolówó yín yọ sí wọn, "search terms" lorúkọ ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí tèmi, ọkàn mi bà jẹ́. Mo rí "iṣẹ́ éjẹ́ǹtì ilé", mo rí "bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé", mo rí "ilé tó tóbi jù láyé", mo tún rí ẹnìkan tó ń wá bóun ṣe máa kun ara ilé. Gbogbo wọn tẹ ìpolówó mi, gbogbo wọn ni mo sanwó lé lórí! Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ tí mo yàn pé kí ìpolówó mi máa yọ sí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kí Google máa fẹ̀ ẹ́ lójú bó ṣe wù ú, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní broad match. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú exact tàbí phrase, èyí tó máa rọ̀ mọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ sínú negative keywords: "iṣẹ́", "ọ̀fẹ́", "àwòrán", "kíkùn", kẹ́ ẹ máa fi kún un bẹ́ ẹ ṣe ń rí i.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo òfin kí òfin má bàa wò yín

Ilé kì í ṣe ọjà tẹ́ ẹ lè máa yan ẹni tó máa rí i bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin Fair Housing Act ti wà láti 1968, kò gbà kí wọ́n ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn tàbí ibi tó ti wá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ akọ àti abo kún un lọ́dún 1974, wọ́n sì fi àwọn tó ní ọmọ àti àwọn aláàbọ̀ ara kún un ní 1988. Facebook ń jẹ́ kí àwọn tó ń polówó ilé máa yan irú ẹni tó máa rí i, títí táwọn èèyàn fi pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí òfin yìí, ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni wọ́n gbà láti yí i padà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń polówó ilé lórí Facebook ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ sọ pé ilé ni, kò sì ní lè mú ọjọ́ orí, kò ní lè mú akọ tàbí abo, kò ní lè mú ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tí wọ́n ń kọ sórí lẹ́tà, àyíká tó bá sì mú ò gbọ́dọ̀ kéré sí máìlì 15 yíká ojú ibẹ̀. Google náà ṣe irú ẹ̀ fún Amẹ́ríkà àti Kánádà lọ́dún 2020.

Inú mi dùn sí i, ká sọ tòótọ́. Ẹni tó ń wá ilé kì í ṣe ẹni tó yẹ ká máa ti ilẹ̀kùn mọ́ nítorí bó ṣe rí. Ẹ máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu yín náà, "ó dáa fún tọkọtaya tí ò tíì bímọ" lè kó yín sí wàhálà, ẹ sọ̀rọ̀ nípa ilé, ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó yẹ kó gbé e. Tó bá jẹ́ ibòmíì lẹ wà, ẹ wo òfin tibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ìpolówó sí Facebook, ó ní ìgbà tó fi ń kọ́ ẹni tó yẹ kó fi hàn, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé ó nílò bí i líìdì 50 láàárín ọjọ́ méje kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń yí fọ́tò lónìí, tẹ́ ẹ yí owó lọ́la, ẹ ń dá a padà síbẹ̀rẹ̀ ni. Tí owó yín ò tó èyí tó máa mú 50 wá lọ́sẹ̀, ẹ má pín in sí ìpolówó márùn-ún, ẹ kó o jọ sójú kan.

Ẹ má sì gbára lé iye èèyàn tí Facebook bá kọ pé ìpolówó yín mú wá tán pátápátá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 tí Apple ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni iPhone bóyá ó gbà kí wọ́n máa tọpa òun, ọ̀pọ̀ nǹkan ni Facebook ò rí mọ́. Ẹ bi kọ́sítọ́mà lẹ́nu: "Níbo lẹ ti rí wa?" Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gbé fóònù

A ti dé ibi tọ́rọ̀ wà. Harvard Business Review, ìwé ìròyìn òwò kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011 nípa bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń dá àwọn tó béèrè nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóhùn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó pe èèyàn padà láàárín wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje tí wọ́n fi ráyè bá onítọ̀hún sọ ọ̀rọ̀ gidi ju àwọn tó fi wákàtí kan péré pẹ́ jù wọ́n lọ, tá a bá sì fi wọ́n wé àwọn tó dúró di wákàtí 24, ó ju ìlọ́po 60 lọ. Kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò o, àmọ́ nínú iṣẹ́ tiwa, ó tún le jù bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń wá ilé kì í kún fọ́ọ̀mù ẹyọ kan. Orí àga ló jókòó sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń kún ti mẹ́rin, márùn-ún, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é ló máa bá ọkàn ẹ̀ níbẹ̀.

Torí náà, ẹ ṣètò ẹ̀ kí fóònù yín dún bí fọ́ọ̀mù bá ṣe wọlé, ìmeèlì nìkan ò tó. Ẹ pe ẹni náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí kò bá gbé e, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó kúrú:

"Ẹ kú alẹ́ mà. Èmi ni mo ń bójú tó ilé oníyàrá mẹ́ta tẹ́ ẹ béèrè ẹ̀ báyìí. Ó ṣì wà nílẹ̀. Ṣé ọ̀la ló máa rọ̀ yín lọ́rùn láti wá wò ó ni, àbí Sátidé?"

Ẹ rí i pé mi ò kọ ìtàn ilé iṣẹ́ mi síbẹ̀, mi ò fi fọ́tò ogún ránṣẹ́. Ìbéèrè kan ni, èsì ẹ̀ sì rọrùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú jù láti pe èèyàn, ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ ní ẹ máa pè ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kẹ́ ẹ sì pè ní mẹ́jọ. Ká ní mo ṣe ìyẹn fún obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni, bóyá èmi ni ǹ bá mú un lọ wolé.

Tí kò bá tíì dáhùn, ẹ tún pè é lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi ilé tó bá jọ èyí tó ń wá ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pè lẹ́ẹ̀kan péré ká tó sọ pé líìdì yẹn ò dáa. Ẹni tó bá wá ní kẹ́ ẹ má pe òun mọ́, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ yọ orúkọ ẹ̀.

Ẹ máa kó orúkọ wọn jáde sínú ìwé tiyín tàbí sínú kọ̀ǹpútà, torí ọjọ́ 90 péré ni Facebook máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí líìdì kó jáde, lẹ́yìn ẹ̀ ó ti lọ. Èmi máa ń kọ orúkọ, ọjọ́ tó wọlé, ìpolówó tó mú un wá, ìgbà tí mo pè, ohun tó sọ, àti bóyá ó wá wolé. Kò gbà ju ìyẹn lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ka ẹni tó wá wolé

Ẹ ṣí ìwé yẹn, kẹ́ ẹ kà á. Ká ní ìpolówó kan mú líìdì 70 wá, ẹni méjì péré ló wá wolé, òmíì mú 19 wá, ẹni márùn-ún ló wolé. Facebook á máa yin èyí àkọ́kọ́ fún yín torí líìdì ẹ̀ pọ̀, ó sì rọ́pọ́. Ẹ pa á. Ẹ kó owó ẹ̀ sórí ìkejì. Tó bá sì jẹ́ pé nínú gbogbo wọn kò sẹ́ni tó wá wolé, kẹ́ ẹ tó bínú sí ìpolówó, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ kọ ìgbà tẹ́ ẹ pè sí. Tẹ́ ẹ bá rí "ọjọ́ kejì, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta" níbẹ̀, owó tẹ́ ẹ bá tún fi kún un á dà bí omi tẹ́ ẹ ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sí i. Lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gba fóònù ẹnìkan tí ọ́fíìsì yín ò mọ̀, kẹ́ ẹ tẹ ìpolówó ara yín, kẹ́ ẹ kún fọ́ọ̀mù náà bí ẹni tó ń wá ilé, kẹ́ ẹ gbé fóònù yẹn síwájú, kẹ́ ẹ máa wo aago.